Ojú Ọgbẹ́ Ti Padé, Inú Rẹ̀ Ńkọ́?

Ẹ kú oṣù tuntun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè kan lórí àpá iṣẹ́ abẹ lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé, ọ̀rọ̀ kan ló sì ń yọjú nínú ọ̀pọ̀ wọn: kọ́lájìn, purotéènì tó gbé awọ ara wa ró. Ó jọ pé àwọn tó ń polówó ọjà lórí fóònù ti gba gbogbo Èkìtì kan, láti Òmùò títí dé Ẹ̀fọ̀n. Mo mú lẹ́tà márùn-ún. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó ka ti ẹlòmíràn. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: nọ́ọ̀sì ni mí, Adó-Èkìtì ni mo ń gbé. Ọdún 33 ni mo lò ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kì í ṣe dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sára àpòòwé mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Òní ló pé ọjọ́ 22 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ mi jáde. Wọ́n ti yọ okùn, ojú ọgbẹ́ ti padé, kò dùn mí mọ́ àfi tí mo bá rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, àwọn ló ń bá mi wẹ ọmọ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà, pé ọgbẹ́ mi á ṣọyún. Ẹ̀kọ ni mò ń mu, mo ń jẹ àmàlà àti ẹ̀fọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ta kọ́lájìn oníyẹ̀fun, 32,000 náírà ni ike kan. Ó ní bí mo bá ń pò ó mu, àpá náà ò ní hàn rárá. Ṣé kí n rà á? Èkejì, ìgbà wo ni mo lè gúnyán? Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan o, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé àmàlà ti sú wọn.
Ìyá Ìbùkún, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbùkún, o kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wò ó. Ibi iyán ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Má tíì fọwọ́ kan ọmọ odó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lọ́dún 2003, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yọ ìju nínú mi. Mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 22 nígbà náà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kìlọ̀ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n má gbé nǹkan wúwo. Ní ọjọ́ 26, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mẹ́ta dé láti Ọ̀tùn láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá mi gbé ti lọ sí Ọjà Bísí. Mo ká aṣọ sókè níwájú dígí, mo wo àpá mi: ó ti padé kanlẹ̀, ó ń dán, ó gún régé bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Mo ní ṣebí ó ti jinná ni. Mo se iṣu, mo gún un, kò ní kókó kan ṣoṣo, wọ́n jẹ, wọ́n yìn mí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wúkọ́, tí mo fọwọ́ di ikùn mú, tí nǹkan kan sì fò sí mi lọ́wọ́. Awọ òkè ò ya o. Ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, bí mo bá ti wúkọ́ tàbí tí mo sín, nǹkan rogodo kan á yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá náà, ó tó ẹyin adìyẹ. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á padà wọlé. Ìfun mi ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún là mí, wọ́n tẹ́ àwọ̀n síbẹ̀ kí wọ́n tó rán an. Iyán ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi san gbogbo ìyẹn.

Ohun tó tàn mí jẹ ló ń tan ìwọ náà jẹ yìí. Awọ tó wà lókè pátápátá kì í pẹ́ padé. Bí wọ́n bá ti rán an dáadáa, nǹkan bí ọjọ́ méjì ti tó fún un láti bo ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni agbára wà. Agbára wà lábẹ́, nínú awọ tó nípọn àti nínú ohun funfun líle tó wà lábẹ́ ọ̀rá ikùn, èyí tó ń dá ìfun dúró. Kọ́lájìn ló gbé méjèèjì ró. Òun ni purotéènì tó pọ̀ jù nínú ara èèyàn. Bí a bá kó gbogbo purotéènì ara wa jọ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kọ́lájìn. Fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí. Ọ̀kẹ́ àìmọye irú okùn yẹn ni abẹ dókítà gé kọjá kó tó kan ọmọ rẹ.

Gbogbo wa ló mọ bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ṣe máa ń ṣí páànù ilé nílẹ̀ wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàálé ilé ò ní dúró de káfíńtà. Tapólì ló máa fà bo ibẹ̀, á gbé bíríkì lé e kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ń ṣe. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹrin, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hun kọ́lájìn tinrin kan, wàrà-wàrà, láìtò ó. Tapólì nìyẹn. Ó ń gba òjò dúró, ṣùgbọ́n ta ni í gun orí tapólì? Tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn káfíńtà gan-an á dé: wọ́n á máa tú ti tinrin kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì máa so ọ̀kan mọ́ ìkejì. Iṣẹ́ yẹn lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àpá fi ń pọ́n, tó ń le, tó ń yún èèyàn fún oṣù bíi mélòó kan, kó tó wá rọ̀, kó sì fẹ́lẹ́.

Bí a bá ní 100 ni agbára awọ rẹ kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ní ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní, kò tó 10. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, níbi tí o wà báyìí, ó wà láàárín 20 sí 30. Tó bá di oṣù mẹ́ta, á tó nǹkan bí 80. Ibẹ̀ náà ló máa ń dúró sí. Kò ní padà di 100 láéláé. Awọ tí wọn ò là rí, kọ́lájìn inú rẹ̀ kọjá lára ara wọn bí ẹní tí wọ́n hun. Ti àpá dà bí ọwọ̀ tí a dì, gbogbo rẹ̀ kọjú sọ́nà kan.

Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí ohun tí o máa gbé tó wúwo ju ọmọ rẹ lọ: kì í ṣe garawa omi, kì í ṣe ìkòkò, kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti odó. Tó bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí o padà lọ fún àyẹ̀wò, bi dókítà tó là ọ́. Tó bá fọwọ́ sí i, iṣu ẹnì kan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ọkọ rẹ ńkọ́? Ọwọ́ wọn méjèèjì pé, kò sí ẹni tó là wọ́n níkùn. Bàbá tó bí mi gúnyán fún ìyá mi ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bímọ, ìgbà mẹ́fà, kò sì sí ẹni tó gba oyè wọn.

Ó ku ti oúnjẹ. Má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ló ń fa ọyún, ẹyin kọ́. Purotéènì ni ara fi ń hun kọ́lájìn. Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú, tó ń hun awọ tuntun, tó wá ń mu ẹ̀kọ lásán, ó dà bí ẹni tó pe bíríkìlà síbi iṣẹ́ tí kò ra búlọ́ọ̀kù. Jẹ ẹyin. Jẹ ẹja. Jẹ ẹ̀wà. Bí ó bá jẹ́ ẹyin ni ọ̀rọ̀ náà ṣòro lórí rẹ̀, fi ẹ̀wà àti ẹja bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ọgbẹ́ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n á gbà. Bí wọn ò bá gbà, kí wọ́n kọ̀wé sí mi. Àwa ìyá àgbà á jọ sọ ọ́.

Fítámì C náà ń bẹ. Láìsí i, fọ́nrán mẹ́ta yẹn ò lè lọ́ mọ́ra wọn kó le. Ọ̀gbẹ́ni kan fi ara rẹ̀ dán an wò. John Crandon lorúkọ rẹ̀, dókítà oníṣẹ́ abẹ ni, ní Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1939 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tí kò ní fítámì C rárá. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, wọ́n là á lẹ́yìn. Ọgbẹ́ náà jinná. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, wọ́n tún là á. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, awọ òkè padé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo inú rẹ̀, kò sí ohun tó dì mọ́ ara wọn. Wọ́n wá ń fa fítámì C sí i lára lójoojúmọ́, ọgbẹ́ náà sì san. Ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ìyẹn, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Anson, kó lọ sókun kò rí èso jẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọgbẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn gbà lójú ogun ní 50 ọdún sẹ́yìn tún là lọ́tun, bí ẹni pé kò jinná rí. Ara ò dẹ́kun àtiṣàtúnṣe àpá, ẹ jẹ́ ká máa rántí ìyẹn.

Ìwọ ò nílò abẹ́rẹ́. Ọsàn wà, ìbẹ́pẹ wà, gúáfà wà, èso kajú wà ní àsìkò rẹ̀, ata tútù pàápàá ní in. Ẹ̀fọ́ tí o ń jẹ ní in, àfi bí ẹ ṣe ń sè é. Mo mọ̀ wá: a ó bọ ẹ̀fọ́ títí, a ó fi ọwọ́ méjèèjì fún un bí ẹni ń fún aṣọ, a ó da omi aláwọ̀ ewé yẹn sẹ́yìn ilé. Fítámì C ló ń ṣàn lọ yẹn. Omi ń yọ́ ọ, iná ń pa á. Fọ ẹ̀fọ́ rẹ kó mọ́, rẹ́ ẹ, jẹ́ kí ọbẹ̀ jinná tán kí o tó dà á sí i, kí o sọ ọ́ kalẹ̀ láìpẹ́. Ewúro nìkan ni mo gbà kí ẹ fún.

Kọ́lájìn 32,000 náírà? Mi ò ní kò dáa. Oúnjẹ ni. Bí o bá gbé e mì, ikùn rẹ á gé e sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń gé ẹja, á pín in fún gbogbo ara. Kò sí ẹni tó kọ àdírẹ́sì àpá rẹ sí i lára. Owó yẹn á ra ẹyin àti ẹja tí ẹ̀yin méjèèjì máa jẹ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìpara kọ́lájìn tiẹ̀ burú jù ú lọ fún owó ẹni: kọ́lájìn tóbi ju ohun tó lè gba awọ kọjá. Àpá tí kò ní hàn rárá, kò sẹ́ni tó ń tà á. Bí o bá ṣì fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike náà ná.

Má jẹ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ ọ́ níkùn. Ẹ̀gbẹ́ àpá ṣì kú, o ò ní mọ̀ bó ṣe gbóná tó. Mo ti tọ́jú abiyamọ tó jóná yányán létí àpá, tí kò mọ̀ títí awọ fi bó. Bí ibà bá mú ọ, tí ibẹ̀ ń rùn, tó ń ṣọyún, tàbí tí omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ṣàdédé tú jáde níbẹ̀, má dúró de ilẹ̀ mọ́. Wọ mọ́tò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 24 ni mí, iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń kọ́ ní Ìjerò. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n yọ kókó kékeré kan láyà mi. Ó jinná dáadáa, àfi bó ṣe di oṣù kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó ń yún mi gan-an lóru, ó ti kọjá ibi tí wọ́n là, ó ní ẹsẹ̀ bí akàn. Ọ̀gá mi ní kí n jẹ́ kí àwọn fi bíléèdì gé e, kí wọ́n kán omi bátìrì sí i, kò ní hù mọ́. N kò lè bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi mọ́.
T., Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: T., bọ́ sẹ́yìn lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ tó bá ti di ọ̀rọ̀ bátìrì. Kó kọ́ ọ ní wẹ́dà, kó fi àyà rẹ sílẹ̀.

Akàn tí o sọ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí dókítà ará Faransé kan, Alibert, ló fún àrùn yìí lórúkọ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ akàn lòun náà sì fi wé. Kílọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Wàhálà Ìyá Ìbùkún ni pé kọ́lájìn rẹ̀ kò tíì tó. Tìrẹ ni pé ó pọ̀ jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun ún ò gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí, wọ́n ń hun lọ. Ọ̀dọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ sí jù, ó sì ń rìn nínú ẹbí. Bi ìyá rẹ bóyá ẹnì kan wà tí etí rẹ̀ wú nígbà tí wọ́n lu ú. Àyà, èjìká, etí àti àgbọ̀n ló fẹ́ràn. Àpá mìíràn wà tó máa ń wú díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kì í kọjá ojú ibi tí wọ́n là. Irú ìyẹn sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tìrẹ ti kọjá ààlà, kò ní rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n bá kàn gé kílọ́ìdì láìṣe nǹkan mìíràn tì í, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń padà hù, ó sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí ò ta kókó: ọgbẹ́ tuntun ni gígé jẹ́, ọgbẹ́ ló sì bí i. Ohun tí àwọn dókítà awọ ara sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tí wọ́n ń gún sínú rẹ̀ gan-an, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà wọ́n á tún gún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ó ń sọ fún àwọn ahunṣọ yẹn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìyún ló kọ́kọ́ máa ń lọ, lẹ́yìn náà ló ń rọ̀, tó ń tẹ́. Bèbà sílíkónì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn náà wà. Bí wọ́n bá máa gé e, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tàbí iná ìtànṣán tì í. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ń kọ́ dókítà níbí, ní Adó àti Ìdó-Èkìtì, ni kí o gba ibẹ̀ lọ. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi abẹ kàn ọ́, ohun yòówù kó jẹ́, kọ́kọ́ fi àyà rẹ hàn án.

ÌBÉÈRÈ: Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, àríyànjiyàn lèyí. Ìyàwó mi ní pọ̀nmọ́ kò ṣe ara lóore kankan. Èmi ní kọ́lájìn ni. Ta ló jàre?
Ọ̀gbẹ́ni Pọ̀nmọ́, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin méjèèjì, díẹ̀díẹ̀. Awọ màlúù ni pọ̀nmọ́, awọ tí omi bá ti gbẹ lára rẹ̀, kọ́lájìn ló kún inú rẹ̀. Bí o bá fẹ́ fojú rí i, se ẹsẹ̀ màlúù títí yóò fi rọ̀, gbé omi rẹ̀ sí ibi tó tutù mọ́jú. Láàárọ̀, tẹ̀ ẹ́: á máa gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ bí ọ̀ọ̀lẹ̀ tó rọ̀. Kọ́lájìn tó ti yọ́ ni. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ gan-an lédè Gíríìkì ni ohun tó ń bí àtè, torí láyé àtijọ́, awọ àti egungun ẹran ni àwọn káfíńtà ń sè fi lẹ pákó. Nígbà tí ariwo ta lọ́dún 2022 pé kí ìjọba fòfin de pọ̀nmọ́ torí kò ṣe ara lóore, mo bínú díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ náà ní ibi tó dúró sí. Purotéènì inú pọ̀nmọ́ kò pé. Ọ̀kan wà nínú àwọn èròjà tí ara ò lè dá ṣe tí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹyin ní in, ẹja ní in, ẹ̀wà ní in. Jẹ pọ̀nmọ́ rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó dá wà nínú ọbẹ̀, pàápàá bí ọgbẹ́ bá wà lára rẹ. Èyí tí wọ́n bá fi táyà sun, tó ń rùn bí epo, má rà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún 71, mo sì ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan ní oṣù méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, ojú ibẹ̀ ò tíì padé. Ọmọ mi ń tú kápúsù sí i, ó ń gbẹ lókè, ó tún ń là. Mo ń fín aáṣáà díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kọ́lájìn lè ràn mí lọ́wọ́? Kò sí oògùn mìíràn tí mò ń lò ju ti àtọ̀gbẹ lọ, àfi àwọn hóró funfun wẹ́wẹ́ tí mo ń rà ní kẹ́mísì fún orúnkún, ọdún kan rèé.
Bàbá Tíṣà, Ìkọlé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Tíṣà. Gbólóhùn tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ gbé hóró funfun yẹn pẹ̀lú páálí rẹ̀ lọ fi han dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé sítẹ́rọ́ìdì ni. Ohun tí mo ní kí wọ́n gún sínú kílọ́ìdì T. lókè yìí, tó ń dá ahunṣọ dúró, òun náà ló lè máa wà nínú oògùn orúnkún yẹn, tó ń dá àwọn ahunṣọ ẹsẹ̀ yín dúró, tó sì tún ń gbé ṣúgà yín sókè. Ó máa ń yára dín ìrora orúnkún kù, ìdí nìyẹn tí àwọn kẹ́mísì fi ń tà á wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàdédé dá a dúró o. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, dókítà ló ń bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, ó lè dá a wó.

Ṣúgà tó bá ga ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ẹsẹ̀ kù, ó ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn ráyè, kọ́lájìn tí ara sì hun lábẹ́ rẹ̀ kì í gbó. Nikotíìnì inú aáṣáà ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, sìgá tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀, ó kéré tán títí ẹsẹ̀ yóò fi san.

Kápúsù tí ẹ ń tú sí i ń di èèpá ni. Lábẹ́ èèpá yẹn ni ọgbẹ́ ti ń jẹ lọ. Kí wọ́n fi omi iyọ̀ tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn fọ̀ ọ́, kí wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, kí wọ́n dì í. Kọ́lájìn tí wọ́n ṣe bí aṣọ, láti ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀, ń bẹ tí wọ́n ń fi lé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n orí ọgbẹ́ tó mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dé, lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ti rọlẹ̀, ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọmọ yín bá ti fẹ́ rà á, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi owó náà wọ mọ́tò gbé yín lọ ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó pé oṣù méjì ààbọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi lẹ́tà wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní okùn tí wọ́n fi rán inú mi á yọ́ fúnra rẹ̀. Báwo ni okùn ṣe ń yọ́? Nǹkan kan sì ń gún aṣọ mi létí àpá.
Fúnmi, Àrámọkọ-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Fúnmi, ìfun àgùntàn tàbí màlúù ni wọ́n fi ń ṣe irú okùn yẹn láti ayébáyé, kọ́lájìn náà ni. Ara á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹran. Èyí tí wọ́n ń lò jù lóde òní, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, kò ní ẹran nínú, ṣùgbọ́n òun náà ń yọ́. Òmíràn ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òmíràn ń lo oṣù bíi mélòó kan.

Ohun tó ń gún aṣọ rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ etí okùn tó yọ síta, ó máa ń le ṣanṣan bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Má fà á, torí o ò mọ ibi tó so mọ́ nínú. Má fi eyín já a, ẹnì kan ti ṣe é rí ní wọ́ọ̀dù mi, ọkọ rẹ̀ ló sì bá a já a. Lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ ọ, kí nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sè gé e mọ́ ojú awọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.